Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Mú?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, John Daly àti Tiger Woods jọ figagbága nídìí gọ́ọ̀fù ní San Francisco. Wọ́n gbá a títí, ẹnìkan ò rí ẹnìkejì gbé ṣánlẹ̀, ni wọ́n bá ní kí wọ́n máa gbá a ní ihò kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan á fi já. Daly ló já. Bọ́ọ̀lù kan tí kò jìnnà sí ihò rárá ló fẹ́ tì wọlé, ló bá tàsé. Àmọ́ ipò kejì nídìí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìyà: 750,000 dọ́là ni wọ́n kó fún un. Ó wọ mọ́tò, kò lọ sílé, Las Vegas ló forí lé. Láàárín wákàtí márùn-ún, 1.65 mílíọ̀nù dọ́là ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, mo tún un kà. Owó tó gbà lọ́jọ́ náà tán pátápátá, òmíràn tó jù ú lọ sì tún tẹ̀ lé e. Kì í sì í ṣe nídìí káàdì, níbi téèyàn ti lè ní òun ń fi ọpọlọ ṣe é. Ìdí kálòkálò ló jókòó sí fún èyí tó pọ̀ jù, irú èyí tó jẹ́ pé 5,000 dọ́là lèèyàn ń sọ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: ká ní ẹ̀rọ yẹn nìkan ló jẹ gbogbo ẹ̀, ó gbé 5,000 dọ́là mì ní ìgbà 330 láìpọ ẹyọ kan padà.

Daly fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nínú ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀ ní 2006. Ó ní láàárín bí ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tẹ́tẹ́ ti gba nǹkan bí 50 sí 60 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ òun, pé bí òun ò bá tètè kó ara òun níjàánu, á sọ òun di ẹdun arinlẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín ti pa mí, ẹ̀rín tí kò dùn, ni ọ̀nà àbáyọ tó là sílẹ̀. Kò ní òun á fi í sílẹ̀ o. Ó ní òun á kọ́kọ́ máa ta kálòkálò ti 25 dọ́là, bí òun bá sì rí díẹ̀ jẹ níbẹ̀, òun á gòkè sí ti 100, bóyá ti 500. Nígbà tó di 2014 ló sọ pé òun ti kó ìwé owó orí òun jọ, láti 1991 dé 2007, òun sì rí i pé ohun tó lọ tó nǹkan bí 55 mílíọ̀nù.

Bí irú ìtàn yìí bá jáde, ohun tí a máa ń sọ kò ju méjì lọ. Àwọn kan á ní owó ti pọ̀ jù fún un. Àwọn yòókù á ní òmùgọ̀ ni. Èmi náà ti sọ méjèèjì rí, ó sì máa ń tu èèyàn lára láti sọ ọ́, torí ó ń jẹ́ ká gbà pé tí owó yẹn bá jẹ́ tiwa ni, à bá ti mọ ohun tí a máa fi ṣe. Àmọ́ mo lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Daly ní 1991, láti ìgbà náà ni mi ò ti lè sọ ọ́ mọ́.

Ní ọdún yẹn, kò sí lára àwọn tó yẹ kó gbá PGA, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan. Wọ́n to orúkọ àwọn kan sílẹ̀ pé bí ẹnì kan ò bá lè wá, kí àwọn yẹn rọ́pò. Ẹnìkẹsàn-án lórí ìwé yẹn ni. Ta ni yóò dúró de irú àyè bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò lè wá, èkejì ò lè wá, títí ó fi kan án. Ó wa mọ́tò lóru mọ́jú dé Indiana. Kò tíì gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá yẹn rí. Ó gbá a fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì gba ife. Ẹ wá bá mi wò ó: ọkùnrin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, tó jẹ́ pé ìwakọ̀ òru kan ló sọ ọ́ di olókìkí àti olówó, báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún un pé ohun tí kò ṣeé ṣe ò ní ṣeé ṣe lálẹ́ òní? Ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ ju tiyín lọ. Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ó tún wọ mọ́tò.

Ibi tí èrò mi dé nìyí, mi ò sì tíì rí ẹni tó yí mi lérò padà. Kì í ṣe ìwà burúkú tó fara sin sínú eléré ìdárayá ló ń tì í dé ilé tẹ́tẹ́. Ìwà rere rẹ̀ ni. Ohun náà gan-an tó sọ ọ́ di olówó ni ilé tẹ́tẹ́ ń jẹ lára rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn láti kékeré. Bí o bá ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà tí kò wọlé, jù ú lẹ́ẹ̀keje. Bí wọ́n bá fi góòlù méjì ṣíwájú rẹ, má wo aago. Ẹni tó bá ń rántí èyí tó tàsé lánàá, wọn ò ní pẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń yìn wọ́n fún un, ojoojúmọ́, títí tó fi wọ egungun. Ilé tẹ́tẹ́ ò ní ohun tó máa kọ́ irú wọn. Oníṣẹ́ tó ti gba òmìnira ni wọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, kò sì hàn sí ojú: lórí pápá, ìgbà keje mọ ìgbà kẹfà. Apá ti gbọ́n sí i, ojú ti wọn ọ̀nà, ọkàn ti rí àṣìṣe. Kálòkálò ò mọ ìgbà kankan. Bí o bá ti jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ojú àlejò ló fi ń wò ọ́.

Michael Jordan, ọ̀gá nídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ló sọ ọ́ ní ṣókí jù. Ní 1992, ó jẹ́rìí ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà nípa sọ̀wédowó 57,000 dọ́là kan tó bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin tí wọ́n ń ṣẹjọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ ní owó tí òun yá a ni. Níwájú adájọ́, ó ní owó tẹ́tẹ́ tí òun jẹ ẹ́ ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìròyìn gbòde pé wọ́n rí i ní ilé tẹ́tẹ́ kan ní Atlantic City nígbà tó ku ọ̀la kí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá New York Knicks gbá. Nígbà tí ariwo wá pọ̀, ó ní òun ò ní ìṣòro tẹ́tẹ́, ìṣòro ìdíje lòun ní. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó fẹ́ fọ̀rọ̀ yí wọn lójú ni. Èmi gbà á gbọ́. Ohun tí mi ò gbà ni pé ìyẹn sàn ju èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ọjà náà fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilé tẹ́tẹ́ ń yan èèyàn jẹ. Kò nílò rẹ̀. Àgbá rúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ní ojú 37, láti òdo dé 36. Fi dọ́là kan lé nọ́ńbà kan. Bí bọ́ọ̀lù kékeré yẹn bá dúró síbẹ̀, wọ́n á fún ọ ní dọ́là 35, wọ́n á sì dá tìrẹ padà. Ẹ kà á: ojú 37, owó 36. Ojú kan tó ṣẹ́ kù yẹn ló kọ́ ilé náà, òun ló tan iná rẹ̀, òun ló ń gbé ọkọ̀ òfuurufú lọ gbé olówó wá. 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ti Amẹ́ríkà fi òdo kejì kún un, ó di 5.26. Nídìí káàdì blackjack, bí ẹni tó ń ta á bá mọ ìwé rẹ̀ dáadáa, ohun tí ilé ń rí lára rẹ̀ lè wá sí nǹkan bí ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún péré.

Ìdajì péré! Ohun tó ń tan ọlọ́gbọ́n jẹ nìyẹn. Ìdá kékeré yẹn kì í ṣe lára owó tó o gbé wọlé. Lára gbogbo owó tó o bá fi lélẹ̀ ni, ní ìgbàkígbà tó o bá fi í lélẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ pé owó kan náà lo ń yí po láti ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní owó díẹ̀ ní ààbò kan tí kò mọ̀: owó rẹ̀ á tán, á sì lọ sùn. Olówó lè dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Owó ńlá kò ra oríire kankan fún un nínú ilé yẹn, àkókò ló ń rà, àkókò gan-an sì ni ilé ń tà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé tẹ́tẹ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú oníbàárà bẹ́ẹ̀: ẹja àbùùbùtán. Ní èdè tiwọn, nítorí títóbi rẹ̀ ni. Ní èdè tiwa, orúkọ yẹn gún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹja tí wọ́n ń bù, tí wọ́n ń bù, tí kò tán. Ìyẹn ni pé, títí di ọjọ́ tó bá tán.

Charles Barkley, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ míì, sọ ní 2006 pé nǹkan bí 10 mílíọ̀nù dọ́là ni òun ti pàdánù sídìí tẹ́tẹ́, pé nígbà kan 2.5 mílíọ̀nù lọ láàárín wákàtí mẹ́fà nídìí blackjack. Ó gbà pé àṣà tí kò dáa ni, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí apá òun bá ti ká a, òun ò ní pè é ní ìṣòro. Mo fẹ́ràn Barkley, kì í pa irọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àmọ́ “apá mi ká a” yẹn ò tó. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Phil Mickelson, ọ̀gá míì nídìí gọ́ọ̀fù, kọ ọ́ síta pé owó ò fìgbà kan jẹ́ wàhálà fún ìdílé òun, ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ gba òun lọ́kàn débi pé òun ò lè wà pẹ̀lú àwọn tí òun fẹ́ràn bó ṣe yẹ. Ara ń bẹ nílé, ọkàn ti jáde. Apá tiẹ̀ náà ká a o.

Ní 2008, ilé tẹ́tẹ́ Wynn ní Las Vegas pe Barkley lẹ́jọ́ nítorí 400,000 dọ́là tí kò tíì san, ó sì san án. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń yá wọn lówó yẹn yẹ ká mọ̀. Marker ni wọ́n ń pè é. O fọwọ́ síwèé, wọ́n kó owó tẹ́tẹ́ lé ọ lọ́wọ́, kò sí èlé, kò sí onígbọ̀wọ́. Ó dà bí ojúrere. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin Nevada, sọ̀wédowó ni ìwé yẹn. Bí wọ́n bá gbé e dé báǹkì tí owó ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní gbèsè, ó ti di ọ̀ràn. Ohun tó gbé ọlọ́pàá pàdé Antoine Walker, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ní 2009 nìyẹn: sọ̀wédowó tẹ́tẹ́ tí àpapọ̀ wọn ju 800,000 dọ́là lọ.

Ti Walker yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún sọ. Ó gba ife NBA pẹ̀lú Miami Heat ní 2006. Owó iṣẹ́ rẹ̀ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ju 108 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ní oṣù karùn-ún 2010, ó lọ sọ fún kóòtù pé apá òun ò ká gbèsè mọ́: ohun ìní 4.3 mílíọ̀nù, gbèsè 12.7 mílíọ̀nù. Kí n má parọ́ mọ́ tẹ́tẹ́, òun nìkan kọ́ ló ṣe é. Ó kó owó sínú ilé iṣẹ́ tó ń ra ilé àti ilẹ̀ ní Chicago, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún owó tí ilé iṣẹ́ náà yá. Nígbà tí ọjà ilé dojú dé ní 2008, àwọn báǹkì ò wá ilé iṣẹ́ lọ, òun ni wọ́n wá wá. Ìdílé ńkọ́? Ọ̀rẹ́ ńkọ́? Ọkọ̀ ńkọ́? Kí a tiẹ̀ tó débẹ̀, 108 mílíọ̀nù ti orí ìwé kì í ṣe 108 mílíọ̀nù ti àpò. Owó orí á mú tirẹ̀, aṣojú á mú tirẹ̀, agbẹjọ́rò ò ní ṣọ́ wọn lásán. Ohun tó bá kù ni eléré á fi ṣe ọdún díẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti ogójì ọdún tó máa gbé ayé lẹ́yìn rẹ̀. Walker padà di ẹni tó ń lọ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré nípa owó, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán ni kó máa fi ibi tí ejò wà hanni.

Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n máa ń dá bí orin tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀. Ní 2009, ìwé ìròyìn Sports Illustrated kọ ọ́ pé láàárín ọdún méjì tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbá NFL, ìdíje bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, ló ti wọko gbèsè tàbí tí nǹkan ti há fún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan wá tọpa ìwé kóòtù, tí àbọ̀ ìwádìí wọn sì jáde ní 2015, wọ́n rí i pé àwọn tó lọ sí kóòtù pé àwọn ò lè san gbèsè jẹ́ nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún méjìlá lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ohun tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe ọ̀kan náà, mo mọ̀, torí nǹkan lè há fún èèyàn láìdé kóòtù. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni mo fi ń gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn gbọ́ báyìí. Èyí tó gbà mí lọ́kàn nínú ìwádìí kejì ni pé ẹni tó pẹ́ lórí pápá tó sì gba owó púpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewu yẹn ju ẹni tó gba kékeré lọ. Bí ihò bá wà nídìí àmù, kí lẹ fẹ́ fi omi púpọ̀ ṣe?

Ìgbà míì kì í tiẹ̀ ṣe owó tí wọ́n ta ló ń pa wọ́n. Calvin Ridley, agbábọ́ọ̀lù NFL, ní 1,500 dọ́là lápapọ̀ ni òun fi ta tẹ́tẹ́, lórí fóònù, nígbà tó gba àyè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti tọ́jú ọkàn rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ sí i pé wọ́n á borí. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n dá a dúró fún odindi ọdún ìdíje kan, 11 mílíọ̀nù dọ́là owó iṣẹ́ sì fò lọ. Ivan Toney ti Brentford jókòó oṣù mẹ́jọ ní 2023 lórí ẹ̀sùn 232. Lọ́dún kan náà, Sandro Tonali ò tíì pé oṣù mẹ́rin ní Newcastle tí wọ́n fi ní kó lọ jókòó fún oṣù mẹ́wàá, kó sì fi oṣù mẹ́jọ míì gba ìtọ́jú, kó máa bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí wọ́n má fìyà jẹ wọ́n. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ tún máa ta á. Àmọ́ ẹ wo àyà aṣọ tí Toney ń wọ̀ lọ́jọ́ eré nígbà náà: orúkọ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ló wà níbẹ̀, gàdàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ Premier League ṣẹ̀ṣẹ̀ fohùn ṣọ̀kan ní oṣù kẹrin 2023 pé àwọn á yọ ọ́ kúrò níwájú aṣọ, ìyẹn tí ọdún ìdíje 2025 sí 2026 bá parí. Ẹni tó ń polówó ọtí fún ọ ní kí o má mu ún.

Mi ò fẹ́ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgbà kan wà tí mò ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù mi. Lọ́jọ́ kan mo to ìdíje mẹ́sàn-án pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Mẹ́jọ wọlé bí mo ṣe kọ ọ́. Ìkẹsàn-án, ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó parí, wọ́n dá góòlù padà, tíkẹ́ẹ̀tì gé. Ẹni tí orí rẹ̀ pé á ní òun pàdánù. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni “ó kù díẹ̀.” Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. “Ó kù díẹ̀” yẹn ló jẹ owó oṣù mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá, mi ò lókìkí, ṣùgbọ́n mo mọ adùn tí Daly ń wá nínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gba káàdì báǹkì lọ́wọ́ mi. Kò wàásù. Ó kàn nawọ́.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?”

Ó ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Mú un wá.”

Látìgbà náà ni mi ò ti fi bẹ́ẹ̀ ka ìmọ̀ràn ìkóra-ẹni-níjàánu sí mọ́. Ẹ má sọ fún ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kò gbọdọ̀ juwọ́ sílẹ̀ pé kó juwọ́ sílẹ̀. Àpótí ni kẹ́ ẹ wá fún un, kẹ́ ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó.

Allen Iverson, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, gba ju 150 mílíọ̀nù dọ́là lọ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ pé ó na án. Ṣùgbọ́n nínú àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ bàtà Reebok, wọ́n ya 32 mílíọ̀nù sọ́tọ̀, wọ́n tì í pa, kò sì ní ṣí títí yóò fi pé ọmọ ọdún 55, ní 2030. Ẹni tó ronú ìyẹn mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ ara rẹ̀ lọ.

Ti Bobby Bonilla, agbábọ́ọ̀lù baseball, ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ New York Mets fẹ́ kó máa lọ, ó ku 5.9 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n gbà pé kí wọ́n má san án báyìí, kí wọ́n fi èlé 8 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, kí wọ́n wá máa san án díẹ̀díẹ̀ láti 2011 dé 2035. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdọọdún, 1,193,248 dọ́là àti ogún sẹ́ńtì ń wọlé fún ọkùnrin tí kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láti 2001. Ọmọ ọdún 72 ni yóò jẹ́ nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bá wọlé. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn èèyàn máa ń fi Mets ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ wọ́n máa ń gbàgbé ìdí tí àdéhùn yẹn fi dùn mọ́ àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà: owó wọn wà lọ́dọ̀ Bernie Madoff, ẹni tó ń gba owó èèyàn pé òun á fi ṣòwò, èrè tí wọ́n rò pé ó ń mú wá sì ju 8 lọ. Ní oṣù kejìlá 2008 layé mọ̀ pé jìbìtì ni. Nínú yàrá tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé yẹn, agbábọ́ọ̀lù kọ́ ló ń ta tẹ́tẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ náà ní ewu tirẹ̀. Shohei Ohtani, agbábọ́ọ̀lù baseball, fọwọ́ sí àdéhùn 700 mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú ẹgbẹ́ Dodgers ní oṣù kejìlá 2023, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú 680 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí mo kà á, mo ní eléyìí gbọ́n. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àṣírí tú pé Ippei Mizuhara, ògbufọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ èdè fún un ní báǹkì àti níbi gbogbo, ti jí nǹkan bí 17 mílíọ̀nù dọ́là nínú àpò báǹkì rẹ̀ láti san gbèsè tẹ́tẹ́. Ó yí nọ́ńbà àti ímeèlì tó wà lórí àpò náà padà sí tirẹ̀. Ó pe báǹkì, ó ní òun ni Ohtani. Láàárín ọdún méjì lé díẹ̀, nǹkan bí 19,000 ìgbà ló ta tẹ́tẹ́. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n oṣù 57. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Eléré ò ta nǹkan kan, tẹ́tẹ́ ṣì rọ́nà dé àpò rẹ̀. Tim Duncan, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, náà fi nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ṣòfò sọ́wọ́ olùdámọ̀ràn owó tó fọkàn tán. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n rán ìyẹn lẹ́wọ̀n ní 2017.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ pé eléré kan gba owó ńlá, mi ò kì í béèrè iye rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń béèrè. Kọ́kọ́rọ́ Bonilla wà lọ́wọ́ kàlẹ́ńdà, kò sì sí ẹni tó lè bẹ kàlẹ́ńdà. Ti Ohtani wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tó pé ọdún kan, mo lọ bá a. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dáadáa: mi ò ta nǹkan kan mọ́, mo ti yọ áàpù kúrò lórí fóònù, mi ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ mi tán. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì náà jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ó dáa. Ìdíje wo ló wà lọ́jọ́ Sátidé?”

Kí n tó mọ̀, mo ti dá a lóhùn. Mo dárúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, mo sọ aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, mo tiẹ̀ sọ fún un pé amúlé àwọn àlejò ò ní gbá, pé ó ti ṣèṣe, pé àwọn onílé máa gbá tó góòlù méjì wọlé.

Ó dá káàdì padà sínú dúrọ́ọ̀.